Àmì 56 Lórí Bébà Kan

Ní Pobè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ọgbẹ́ Buruli, bébà kan wà tí aláìsàn kò lè ṣe aláìní. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló gbé e kalẹ̀. BU 01 ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì á mú bíírò, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kí lorúkọ yín? Ẹni ọdún mélòó? Abúlé wo? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i? Apá ni àbí ẹsẹ̀? Ṣé orúnkún ṣì ń ká dáadáa? Bí ọgbẹ́ náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìpele kìíní nìyẹn. Láti 5 dé 15, ìpele kejì. Bó bá ju 15 lọ, ó ti di ìpele kẹta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á kọjú sí ibi tí wọ́n fa ìlà ọjọ́ oṣù sí. Nígbà tí ìtọ́jú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, oògùn rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin ni aláìsàn ń gbà lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ 8 gbáko, níṣojú òṣìṣẹ́ ìlera. Bó bá ti gbé oògùn mì, tó gba abẹ́rẹ́, àmì kan bọ́ sórí bébà. Ọ̀sẹ̀ 8 jẹ́ ọjọ́ 56. Àmì 56.

Àrùn náà kì í pariwo wọlé. Kókó kékeré kan tí kì í dunni ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ, pàápàá lára ọmọdé tó ń gbé nítòsí àbàtà àti odò tó ń ṣàn lọ́ra. Kí ilé tó fura, awọ ti ṣí, ẹran ti ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Mycobacterium ulcerans, kòkòrò tó ń fà á, jẹ́ ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀. Láti Uganda ni orúkọ Buruli ti wá, àmọ́ Australia ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ ṣàlàyé kòkòrò náà, ní 1948. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn: wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á bọ́ awọ níbòmíràn lára láti fi dí ojú ihò náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Fondation Raoul Follereau, Pobè ní ibùdó tirẹ̀ fún àrùn yìí. Àwọn dókítà ibẹ̀, tí Annick Chauty jẹ́ aṣáájú wọn, fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń ṣe. Èsì wọn jáde ní 2007. Aláìsàn 310 ni wọ́n dá oògùn náà lábàá fún. 224 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún 215. Nínú àwọn 9 tó kù, ẹnì kan kú, àwọn 8 sì lọ láìpadà. Nínú àwọn 215 yẹn, 102 kò fojú kan ọ̀bẹ rárá. Ẹni tó bá mọ bí yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe jìnnà sí àpò àgbẹ̀ ní abúlé bí Issaba tàbí Towé á mọ ohun tí 102 yẹn jẹ́.

Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014, ìwé mìíràn jáde láti inú bébà Pobè kan náà. Quentin Vincent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 1227 jọ, gbogbo wọn ni yàrá àyẹ̀wò ti fìdí àrùn wọn múlẹ̀ láàárín January 2005 àti December 2011, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú The Lancet Global Health. Ó wà lára àkójọ tó tóbi jù lọ nípa àrùn yìí láyé. Ibẹ̀ ni ayé ti rí i kedere pé ẹsẹ̀ ni ọgbẹ́ náà fẹ́ràn jù, pé láàárín àwọn ọmọdé, ọkùnrin ló pọ̀ jù, àmọ́ bí ọjọ́ orí bá ti ju 15 lọ, obìnrin ni ó ń mú jù.

Dókítà ló ń gba orúkọ nínú irú iṣẹ́ báyìí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn 8 tó lọ láìpadà. Kí a tó lè mọ̀ pé ènìyàn 8 sọnù, ẹnì kan ti ní láti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kó fi àmì sí ọjọ́ tí wọ́n wá, kó sì fi àyè ọjọ́ tí wọn kò wá sílẹ̀ lófìfo. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni ìtàn yìí dá lé lórí. Iṣẹ́ ni, ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì ti rin ọ̀nà gígùn kó tó dé orí tábìlì ní Pobè.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní àkọsílẹ̀ ìlera kí bébà tó dé. Inú orúkọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọmọ tó bá mú ẹsẹ̀ jáde di Ìgè. Èyí tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná. Èyí tó pẹ́ nínú kọjá oṣù rẹ̀, Ọmọ́pẹ́. Táyé àti Kẹ́hìndé jọ wá, Ìdòwú tẹ̀lé wọn, Àlàbá tẹ̀lé Ìdòwú. Málọmọ́ àti Dúrójayé ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́ pé ìyá yìí ti sin ọmọ rí. Agbẹ̀bí tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ inú ilé kan ti gbọ́ ìtàn ìbímọ ìyá wọn láìbéèrè ohunkóhun. Ohun tí orúkọ kò lè sọ ni ọjọ́ àti iye.

Lórí ọ̀rọ̀ iye yìí gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àmọ́ kíkà ni iṣẹ́ tí ìjọba Faransé kọ́kọ́ gbé wá. Ní 10 August 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó la ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlárò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1899, owó orí wọ Dahomey, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Owó orí kò sì ṣe é gbà láìka orí, orí kò ṣe é kà láìkọ orúkọ. Ní 1914 àti 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí tó ń gbé inú ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú láàárín Pobè àti Kétu dìde ogun sí Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ààlà yìí, kọ ọ́ sínú Western Yorubaland under European Rule, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976, bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ẹrù gba ọ̀nà Nàìjíríà lọ láti sá fún owó orí, iṣẹ́ ipá àti ìkóniṣológun.

Ní ilẹ̀ tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀, àlejò tó mú ìwé ńlá àti kálàmù wọ abúlé kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kó ní ara ènìyàn lòun wá wò ni o, kó ní owó orí lòun wá gbà ni o, ìwé kan náà ni wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí láti 1905 ni Faransé ti dá ètò ìwòsàn fún àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rẹ̀, Assistance médicale indigène, tí kíkọ orúkọ, kíka orí àti bíbupá sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń sá fún ìwé, ọ̀pẹ kò lè sá. Ní 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Iṣẹ́ ẹni tó ń yan irúgbìn ọ̀pẹ kò lè lọ láìsí ìwé: igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n ń ka ìdì ẹyìn rẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọ igi tó jẹ́ ìyá àti igi tó jẹ́ bàbá sílẹ̀, lọ́dọọdún. Láti 1946 ni Pobè àti àwọn ibùdó bíi La Mé ní Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ irúgbìn, àkọsílẹ̀ igi sì ń bá irúgbìn rìn. Nítorí náà ọ̀pẹ ní Pobè ti ní fáìlì, pẹ̀lú orúkọ òbí àti ìtàn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àgbẹ̀ tó ń kọjá lẹ́bàá ọgbà náà kò ní ju ọ̀rọ̀ Faransé kan lọ lórí ìwé rẹ̀: né vers, a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń gbé vers yẹn rìn.

Àpá ni káàdì ìlera àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní. Ẹni tí wọ́n bá bu lápá nítorí ṣànpọ̀nná kò nílò ìwé. Kó ká apá aṣọ sókè tó. Ní Èkó, Dókítà Oguntola Sapara ti wọ ẹgbẹ́ àwọn aworo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí wọ́n ṣe ń tan àrùn náà kálẹ̀, ohun tó rí ló sì bí òfin 1917 tó fi òpin sí ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ètò ńlá láti pa ṣànpọ̀nná run bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Dahomey wà nínú wọn. Lẹ́yìn àwọn abupá ni ẹgbẹ́ mìíràn á dé, iṣẹ́ tiwọn kò ju pé kí wọ́n máa yẹ apá ènìyàn wò, kí wọ́n ka àpá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Láti inú iye àpá ni wọ́n ti ń mọ abúlé tí wọ́n fò. Ní 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní àrùn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Nàìjíríà.

Ta ló ń kọ́ àwọn tó ń kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ní 1918 ni Faransé ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar, tó ń kọ́ dókítà ọmọ ilẹ̀, agbẹ̀bí àti apoògùn fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹkùn yìí. Àwọn ọmọ Dahomey lọ síbẹ̀. Émile Derlin Zinsou, tó di ààrẹ Dahomey ní 1968, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni. Agbẹ̀bí tó bá ti Dakar dé mọ bí a ṣe ń gbẹ̀bí, ó sì ń kọ ọmọ tó gbẹ̀bí rẹ̀ sínú ìwé ìbímọ. Àmọ́ ìwé yẹn, ìjọba ló wà fún. Bó bá ti kún, a gbé e sórí pẹpẹ. Ìyá tó bímọ kò mú ohunkóhun lọ sílé ju ọmọ lọ.

Ìyípadà tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí kò ti Dakar wá, kò sì ti Paris wá. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti wá.

Ní 1956 ni dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti ìgbà ìbí lọ, ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń wo ohun tó ń pa wọ́n àti ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ohun kan ń dí i lọ́wọ́. Fáìlì ọmọ wà ní ọsibítù, ọmọ wà nílé. Bí ìyá bá gbé ọmọ lọ síbòmíràn, ẹni tó máa wò ó níbẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bó bá padà sí ibi tó ti lọ tẹ́lẹ̀, fáìlì lè má ṣe é rí. Morley bá fi ìwé náà lé ìyá lọ́wọ́.

Ó yẹ ká wo káàdì yẹn dáadáa. Páálí líle ni, tí a lè ká sí méjì. Oṣù ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, ìwọ̀n ara ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìlà méjì tó tẹ̀ kọrọdọ gòkè lọ láàárín rẹ̀, àyè tó wà láàárín ìlà méjèèjì sì dà bí ọ̀nà. Lóṣooṣù, wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì tó-ín kan síbi tí oṣù àti ìwọ̀n ti pàdé. Bí àwọn tó-ín náà bá ń gòkè lójú ọ̀nà, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí wọ́n bá dúró lójú kan, tàbí tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá tí kò mọ ìwé kà rí i kí nọ́ọ̀sì tó la ẹnu. Àyè kan tún wà tí wọ́n ń kọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fojú ṣọ́ ọmọ kan ju àwọn yòókù lọ: ó jẹ́ ìbejì, ìwọ̀n rẹ̀ kéré nígbà ìbí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ìwọ̀nyí ni Táyé, Kẹ́hìndé àti Dúrójayé, tí wọ́n padà wọlé láti ojú ọ̀nà mìíràn.

Wọ́n fi káàdì náà sínú àpò ọ̀rá kí òjò àti epo má bà á jẹ́. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ìyá á sọ ọ́ nù. Morley rí i pé wọn kì í sábà sọ ọ́ nù. Ìyá tó ń tọ́jú owó àjọ sí ìdí àpótí aṣọ mọ ibi tí à ń fi ohun iyebíye sí.

Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì yìí ti rìn káàkiri ayé. Ìwé ìlera tí ìyá ọlọ́mọ ń gbé lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Sakété, tí wọ́n ń pè ní carnet, ọmọ ìyá káàdì Ìmẹ̀sí ni: ọ̀nà kan náà, tó-ín kan náà. Ohun tó yí padà tóbi ju káàdì lọ. Títí di ìgbà yẹn, ìjọba ló ń kọ nǹkan nípa ènìyàn, tó sì ń gbé e lọ. Ní Ìmẹ̀sí, ènìyàn gbé ìwé tirẹ̀ dání, òun ló ń mú un tọ òṣìṣẹ́ ìlera lọ. Ẹni tó bá rántí ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí fojú rí á mọ bí èyí ti jìnnà tó sí ìwé owó orí.

Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà ọsibítù ńlá. UCH, ọsibítù yunifásítì níbẹ̀, ṣí ní November 1957. Ní 1960, ẹ̀ka ìmọ̀ àrùn ara níbẹ̀ dá àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ Ìbàdàn sílẹ̀, tó ń kọ ẹni tí àrùn náà mú nílùú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1963, yunifásítì gbé iṣẹ́ ìlera lọ sí Ìbàràpá. Níbẹ̀, ní Ìgbó-Ọrà, Dókítà Percy Nylander jókòó ti ìwé ìbímọ, ó sì rí i pé nínú oyún 1000, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún ayé pé Yorùbá ló ń bí ìbejì jù lọ, orí iṣẹ́ àwọn tó kọ ìbímọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà ló dúró sí.

Síbẹ̀, lójú aláìsàn, fèrèsé kan ni ẹ̀ka àkọsílẹ̀. "Ẹ lọ gba káàdì" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn ń gbọ́ ní ọsibítù ìjọba. Ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn, ọ̀pọ̀ rò pé kò ju ẹni tó ń wá fáìlì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló gbọ́dọ̀ rí i pé aláìsàn kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ojú ni wọ́n ń tọ́jú fún un tàbí oyún. Bó bá la káàdì tuntun fún ẹni tó ti ní ti àtijọ́, ó ti pín ènìyàn sí méjì: oògùn tí kò bá a lára mu wà nínú fáìlì kan, dókítà ń ka èkejì. Òun náà ló ń yí ọ̀rọ̀ dókítà padà sí àmì tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àrùn kọ̀ọ̀kan, kí ibà Ìbàdàn àti ibà Brazil lè wà lórí ìlà kan náà. Ẹ̀kọ́ ni èyí ń fẹ́. Ní 1989, nípasẹ̀ òfin kọkàndínlógójì ọdún náà, ìjọba Nàìjíríà dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera sílẹ̀, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀, bí èyí tó wà ní Ilese lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ẹlẹ́yẹlé, ní Ọ̀fà, ní Ìjerò, ń mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì ń sọ ọ́ di akọ̀wé àkọsílẹ̀ ìlera.

Iṣẹ́ yìí kan náà wà ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, Grace Whiting Myers, tó ń tọ́jú fáìlì ní Massachusetts General Hospital, ló jẹ́ olórí àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928. Ní 2009, ìjọba wọn ṣòfin láti fi kọ̀ǹpútà rọ́pò bébà ní ọsibítù, wọ́n sì rí i pé ènìyàn tó mọ iṣẹ́ náà kò tó. Kì í ṣe yunifásítì olókìkí ni wọ́n sá lọ bá. Ní 2010, kọ́lẹ́jì àdúgbò 82 ni wọ́n pè, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ 5, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ènìyàn láàárín oṣù mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà, oníkọ̀ǹpútà tó fẹ́ mọ ọsibítù, inú kíláàsì kan náà ni wọ́n jókòó sí. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ilese àti Ọ̀fà jẹ́: ibi tí ọmọ àdúgbò lè lọ kọ́ṣẹ́, kó sì padà wá ṣe é nílé.

Kí Amẹ́ríkà tó ṣe èyí rárá, Ilé-Ifẹ̀ ti gbìyànjú tirẹ̀. Ní 1989, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti yunifásítì Kuopio ní Finland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ láti fi kọ̀ǹpútà tọ́jú orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé àti àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọsibítù. Mikko Korpela wà níbẹ̀ láti Finland, Abimbola Soriyan wà níbẹ̀ láti Ifẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni MINPHIS ti jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ará Ifẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ fún ọsibítù Nàìjíríà. Ní April 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé HELINA àkọ́kọ́, ìpàdé gbogbo Áfíríkà lórí kọ̀ǹpútà àti ìlera. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ èyí bó ṣe mọ̀ pé Ifẹ̀ ni orírun.

Ní Bẹ̀nẹ̀, abúlé ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Pahou lẹ́bàá Ouidah, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eusèbe Alihonou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dán ohun kan wò: kí ilé ìwòsàn kékeré máa lo iye tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Aláboyún mélòó ló yẹ kó wá? Mélòó ló wá? Mélòó ló padà wá lẹ́ẹ̀kejì? Ibo ni wọ́n ti dúró? Nọ́ọ̀sì àti àwọn àgbà abúlé á jókòó, wọ́n á wò ó pọ̀. Iṣẹ́ Pahou wà lára ohun tí Ìpinnu Bamako ti 1987 lórí ìlera ìpìlẹ̀ ní Áfíríkà dúró lé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kó gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ ètò kan fún orílẹ̀-èdè, SNIGS. Ẹkùn ìlera 34 ni Bẹ̀nẹ̀ ní. Pobè wà pẹ̀lú Adja-Ouèrè àti Kétu, Sakété wà pẹ̀lú Ifangni. Ní òpin oṣù, ilé ìwòsàn Towé, ti Igana, ti Issaba, á ro iye tirẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹkùn, ẹkùn á tẹ̀ ẹ́ sínú DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tó ti Gúúsù Áfíríkà àti Yunifásítì Oslo wá, tí Nàìjíríà náà ń lò.

Ọmọ agbègbè Pobè tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lè lọ sí Parakou, níbi tí yunifásítì ti ní ENATSE, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ àrùn tí wọ́n sì ń ka iye rẹ̀. Tàbí kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera gbogbogbòò ní Ouidah, tó ń jẹ́ orúkọ Comlan Alfred Quenum, ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Áfíríkà. Àwọn méjèèjì jìnnà sílé. Bí kọ́lẹ́jì àdúgbò bá yẹ níbikíbi, Pobè ni, níbi tí ìwé ti mú ọgbẹ́ san lójú gbogbo ènìyàn.

Nítorí iṣẹ́ náà ní ohun kan nínú tí ẹni tó ti òkèèrè wá kò lè tètè mọ̀. Faransé ni wọ́n fi tẹ bébà, Nàgó, Yorùbá ti apá ibẹ̀, ni aláìsàn ń sọ. Bí wọ́n bá béèrè ọjọ́ orí, ìyá àgbà á ní òun ti ṣabiyamọ nígbà tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. November 1975 nìyẹn. Akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibẹ̀. Orúkọ náà tún wà ńbẹ̀. Ẹni tí ìwé Nàìjíríà kọ ní Adekanmbi lè jẹ́ Adékambi lórí ìwé Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn láti Nàìjíríà, pàápàá láti Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ti ré ààlà wá tọ́jú ọgbẹ́ Buruli ní Pobè, ọ̀nà kan náà tí àwọn baba wọn gbà sá lọ nígbà owó orí, tí wọ́n wá ń gbà padà báyìí. DHIS2 wà lápá ọ̀tún, DHIS2 wà lápá òsì, àmọ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá dúró. Akọ̀wé tó mọ̀ pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti ẹnì kan ni afárá tó so wọ́n pọ̀.

Àwọn 215 tí ìtọ́jú wọn yọrí sí rere nínú ìwádìí 2007 ṣì ní ohun kan nílẹ̀. Àrùn yìí lè padà, ẹni tó bá sì ti padà sóko kì í rántí wá sọ pé ara òun dá. Lẹ́yìn ọdún kan tí oògùn parí, Pobè wá wọn lọ. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní abúlé, wọ́n ní ọjọ́ tí àmì kẹrìndínlọ́gọ́ta bọ́ sórí bébà. Nínú 215, wọ́n rí 208. Wọ́n yẹ àpá wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara ẹni 3 péré ni àrùn náà ti padà.